Níbo Ni Sáíkọ́lọ́jì Ti Bẹ̀rẹ̀? Àgbéyẹ̀wò Láti Ìkẹ́rẹ́ Èkìtì

Ẹni tó bá ti kọ́ṣẹ́ olùkọ́ ní Ìkẹ́rẹ́ Èkìtì ti bá Pavlov àti ajá rẹ̀ pàdé. Ó ti bá Thorndike àti ológbò inú àpótí pàdé, ó mọ Skinner àti ẹyẹlé, ó mọ Piaget àti àwọn ọmọ wẹ́wẹ́ tó ń wo omi bí wọ́n ṣe ń dà á láti inú ife kan sínú òmíràn. Bẹ́ẹ̀ ló rí láti ìgbà tí ìjọba Ìpínlẹ̀ Oǹdó àtijọ́ ti dá kọ́lẹ́ẹ̀jì àwọn olùkọ́ sílẹ̀ níbẹ̀ ní 1977. Bẹ́ẹ̀ náà ló rí lónìí tí ilé ẹ̀kọ́ náà ti di yunifásítì, tí wọ́n fi orúkọ Bámidélé Olúmilúà pè é, ọmọ Ìkẹ́rẹ́ tó ṣe gómìnà Oǹdó láti 1992 sí 1993. Sáíkọ́lọ́jì wà lára òpó tí iṣẹ́ olùkọ́ dúró lé, kò sì sẹ́ni tó lè fò ó kó tó gba ìwé ẹ̀rí NCE.

Àmọ́ orúkọ lásán ni ọ̀pọ̀ ń bá pàdé: orúkọ kan, ọdún kan, ẹranko kan. Akẹ́kọ̀ọ́ á kọ́ wọn sórí, á dà wọ́n sílẹ̀ nínú gbọ̀ngàn ìdánwò, á sì gbàgbé wọn. Ohun tí wọn kì í sábà sọ fún un ni àríyànjiyàn tí ajá Pavlov wá dá sí. Kí ni ènìyàn jẹ́? Ṣé ọkàn dá wà lọ́tọ̀ sí ara? Ṣé a lè wọn èrò bí a ṣe ń wọn aṣọ? Ṣé ẹ̀kọ́ ló ń sọ ọmọ di ohun tó máa dà ni, àbí ó ti gbé e wá láti ọ̀run? Àwọn onífìlọ́sọ́fì ló kọ́kọ́ bi ara wọn ní ìbéèrè wọ̀nyí, kí yunifásítì kankan tó wà láyé. Ẹni tó ń ka sáíkọ́lọ́jì gan-an lè rí kọ́ọ̀sì kan gbáko lórí ìtàn yìí. Ní ti ẹni tó ń kọ́ṣẹ́ olùkọ́, ojú ìwé díẹ̀ ni wọ́n máa ń fún un.

Mo ti pinnu ibi tí mo dúró sí lórí ọ̀rọ̀ yìí. Ìtàn sáíkọ́lọ́jì àti gbòǹgbò rẹ̀ nínú fìlọ́sọ́fì kì í ṣe àfikún tí a lè yọ kúrò. Bí a sì ṣe ń kọ́ ọ báyìí, a ti gé apá tiwa kúrò nínú rẹ̀, bẹ́ẹ̀ apá náà wà nínú ìwé, ó ní orúkọ, ó sì ní ọdún.

Ìtàn tí ọ̀pọ̀ ìwé ń sọ kò gùn. Ní 1879, Wilhelm Wundt ṣí yàrá ìwádìí kan ní Yunifásítì Leipzig ní Jámánì, níbi tí wọ́n ti ń wọn iye àsìkò tó ń gba ènìyàn kó tó mọ̀ pé òun ti gbọ́ ìró kan tàbí pé òun ti rí ìmọ́lẹ̀. Ọdún yẹn ni wọ́n kà sí ọdún ìbí sáíkọ́lọ́jì. Ìwé ńlá tí Edwin Boring kọ ní Amẹ́ríkà ní 1929 wà lára ohun tó mú kí ìtàn yìí fẹsẹ̀ múlẹ̀, torí pé yàrá ìwádìí ni Boring fẹ́ kí gbogbo ayé máa wò. Ohun tí ìtàn náà fò ni pé Wundt fúnra rẹ̀ kò gbà pé yàrá ìwádìí tó. Láti 1900 títí di 1920 tó kú, ó kọ ìwé lọ́tọ̀ lórí èdè, ìtàn ìwáṣẹ̀ àti àṣà àwọn ènìyàn, ó sì tó ìdì mẹ́wàá. Ó ní èrò tó jinlẹ̀ kò ṣe é fi aago wọ̀n, inú èdè àti ìṣe àwùjọ ni a ti máa rí i. Bí akẹ́kọ̀ọ́ ní Ìkẹ́rẹ́ bá gbọ́ apá kejì yìí, yóò mọ̀ pé bí òun bá fẹ́ ṣèwádìí lórí oríkì, lórí ẹkún ìyàwó tàbí lórí bí àwọn àgbà ṣe ń parí ìjà, òun kò kúrò nínú sáíkọ́lọ́jì. Ẹni tí wọ́n ń pè ní bàbá ẹ̀kọ́ náà gan-an ti gbà á láyè.

Ṣáájú Wundt, ọ̀nà náà jìn. Plato ya ọkàn kúrò lára ara. Aristotle, tó jẹ́ akẹ́kọ̀ọ́ rẹ̀, kọ ìwé kan lórí ọkàn, ó sì ní méjèèjì kò ṣe é yà bẹ́ẹ̀. Ibn Sina, ọmọ Páṣíà tó kú ní 1037, ní kí a fojú inú wo ẹnì kan tí wọ́n dá sójú òfuurufú, tí kò fọwọ́ kan nǹkan kan, tí kò rí nǹkan kan, tí kò gbọ́ nǹkan kan. Ó ní onítọ̀hún yóò ṣì mọ̀ pé òun wà. Àwọn ọmọ ilé kéwú wa ìbá dùn láti mọ̀ pé mùsùlùmí kan wà nínú ìlà yìí, tó fi nǹkan bí ẹgbẹ̀ta ọdún ṣáájú Descartes tí a máa dé ọ̀dọ̀ rẹ̀ láìpẹ́, àmọ́ ìwé wọn kì í dárúkọ rẹ̀. John Locke ní bébà tí a kò tíì kọ nǹkan sí ni ọmọ tuntun, ìrírí ló ń kọ̀wé sí i lára. Gbogbo olùkọ́ tó gbà pé ọmọ tó ya olódo lè yípadà bí wọ́n bá kọ́ ọ dáadáa, ọmọ ẹ̀yìn Locke ni, yálà ó mọ̀ tàbí kò mọ̀.

Ẹni tí mo fẹ́ dúró tì díẹ̀ ni Immanuel Kant. Ní 1786, ó kọ ọ́ sílẹ̀ pé sáíkọ́lọ́jì kò lè di ojúlówó sáyẹ́ǹsì láéláé, torí pé ìṣirò kò lè wọ inú ọkàn. Ẹ̀sùn ńlá ni, ó sì gba ìdáhùn. Ernst Weber ló la ọ̀nà ìdáhùn náà, Gustav Fechner sì gbé e jáde nínú ìwé ní 1860. Ohun tí wọ́n rí kò ṣòro. Bí ènìyàn bá ru ẹrù fẹ́ẹ́rẹ́, bí a bá fi ìwọ̀nba díẹ̀ kún un, ó máa mọ̀. Bí ẹrù orí rẹ̀ bá wúwo gan-an, ìwọ̀nba díẹ̀ yẹn kan náà lè bọ́ sí i kó má fura. Ohun tó gbọ́dọ̀ kún ẹrù kí ènìyàn tó mọ̀ ń tẹ̀ lé bí ẹrù náà ṣe wúwo tẹ́lẹ̀, ìṣirò sì lè gbé e. Obìnrin tó ń ru iṣu bọ̀ láti oko Ìsẹ̀ mọ̀ bẹ́ẹ̀ lára rẹ̀, Fechner sì sọ ọ́ di òǹkà. Láti ibẹ̀ ni Wundt ti wá. Olùkọ́ tó bá sọ ti Kant kó tó sọ ti Wundt ti fún akẹ́kọ̀ọ́ ní ìdí tí yàrá Leipzig fi ṣe pàtàkì. Èyí tó bẹ̀rẹ̀ láti 1879 ti gbé ìdáhùn wá láìsí ìbéèrè.

Ibi tí a ti gé apá tiwa kúrò nìyí. Ní 1641, René Descartes ní ọkàn kì í ṣe ohun tó ṣe é fọwọ́ kàn, ara ló ṣe é fọwọ́ kàn, ohun méjì ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ sì ni wọ́n. Ọmọbìnrin ọba kan, Elisabeth ti Bohemia, kọ lẹ́tà sí i ní 1643 pé báwo wá ni ohun tí kò ní ara ṣe ń ti ara? Descartes kò rí ìdáhùn tó tẹ́ obìnrin náà lọ́rùn. Àríyànjiyàn yìí ló wà nídìí gbogbo ohun tí a ń pè ní ìbéèrè ara àti ọkàn, ó sì wà nílẹ̀ títí di òní.

Ọmọ Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà kan dá sí i. Anton Wilhelm Amo ni orúkọ rẹ̀. Ní ẹ̀gbẹ́ Axim ni wọ́n bí i, ní etíkun tó di Gánà lónìí, ní nǹkan bí 1703. Àwọn oníṣòwò Dutch gbé e lọ sí Yúróòpù nígbà tó wà lọ́mọdé, ó sì bọ́ sí ọwọ́ ìjòyè ńlá kan ní Jámánì tó rán an níwèé. Amo kàwé ní Halle, ó lọ sí Wittenberg, ó kọ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ní Halle àti ní Jena. Ní 1734, ó fi èdè Látìn kọ iṣẹ́ kan tó gbèjà níwájú àwọn ọ̀jọ̀gbọ́n Wittenberg. Àkòrí rẹ̀ ni pé ọkàn ènìyàn kì í ní ìmọ̀lára. Àlàyé rẹ̀ rèé: bí ọkàn bá jẹ́ ohun tí kò ní ara lóòótọ́, iṣẹ́ ṣíṣe nìkan ló mọ̀, kò sóhun tó lè ti ita wá kàn án. Ìmọ̀lára sì ni pé kí nǹkan kàn ọ́. Torí náà, ara ni ó ni ìmọ̀lára, kì í ṣe ọkàn. Ó wá tọ́ka sí ibi tí Descartes ti sọ ohun tó tako ara rẹ̀. Ní nǹkan bí 1747 ó padà sí etíkun Gold Coast, ó sì kú níbẹ̀.

Ẹ wo ohun tí èyí túmọ̀ sí fún kíláàsì kan ní Ìkẹ́rẹ́. Ní ọdún 145 ṣáájú yàrá ìwádìí Wundt, ọmọ Áfíríkà kan ti dúró ní yunifásítì Jámánì, ó ń bá Descartes jiyàn lórí ibi tí ìmọ̀lára ń gbé. Kò yẹ kí kọ́ọ̀sì ìtàn sáíkọ́lọ́jì kankan ní Nàìjíríà parí láìdárúkọ rẹ̀.

Paulin Hountondji, onífìlọ́sọ́fì ọmọ Benin tó kú ní 2024, kọ orí kan lórí Amo nínú ìwé tó fi di gbajúmọ̀, ó sì bi wá ní ìbéèrè tó le: kí ni ti Áfíríkà nínú iṣẹ́ Amo, nígbà tó jẹ́ pé àwọn ará Jámánì nìkan ló ń kọ̀wé sí? Ìbéèrè yẹn dùn mí, àmọ́ ó tọ́. Ìtàn kan tí ẹnikẹ́ni kò gbà nílé kò ṣe ilé láǹfààní. Iṣẹ́ ti àwọn tó wà níbí lónìí ni láti gbà á.

Hountondji kan náà ló ta ko àwọn tó ń kó òwe àti ìtàn àwùjọ jọ, tí wọ́n wá ń pe gbogbo rẹ̀ ní fìlọ́sọ́fì. Ó ní fìlọ́sọ́fì gbọ́dọ̀ ní ẹni tó sọ ọ́, ó gbọ́dọ̀ ní àlàyé, ó sì gbọ́dọ̀ ṣe é ta kò. Sophie Olúwọlé, onífìlọ́sọ́fì ọmọ Igbara-Òkè tí kò jìnnà sí Ìkẹ́rẹ́, gba ọ̀nà mìíràn. Nínú ìwé tó gbé jáde ní 2014, ó fi Socrates àti Ọ̀rúnmìlà sí ẹ̀gbẹ́ ara wọn: àwọn méjèèjì kò kọ ìwé kankan, ẹnu àwọn ọmọ ẹ̀yìn wọn ni a ti gbọ́ ti wọn. Kí ló wá dé tí ọ̀kan jẹ́ bàbá fìlọ́sọ́fì, tí èkejì jẹ́ òrìṣà nìkan? Olúwọlé kú ní 2018, ìjiyàn náà kò sì tíì parí. Lójú tèmi, Hountondji jàre lórí ìlànà, Olúwọlé jàre lórí ẹ̀tọ́. Kí a kó ohun tí àwọn àgbà sọ wá sí kíláàsì, kí a sì ta kò ó bí a ṣe ń ta ko Plato.

Iṣẹ́ tó ṣe èyí dáadáa jù tí mo mọ̀ ni ti Barry Hallen àti Olúbí Ṣódípọ̀, tí àwọn méjèèjì jọ ṣiṣẹ́ ní yunifásítì Ifẹ̀. Wọ́n lọ bá àwọn oníṣègùn Yorùbá, wọ́n jókòó tì wọ́n, wọ́n sì bi wọ́n léèrè bí ènìyàn ṣe ń mọ nǹkan. Ìwé wọn jáde ní 1986. Ohun tí àwọn oníṣègùn náà sọ le ju ohun tí ọ̀pọ̀ rò lọ. Wọ́n ní ohun tí mo fi ojú mi rí, tí ọkàn mi sì jẹ́rìí sí, òun ni mo mọ̀. Ohun tí wọ́n sọ fún mi, bó ti wù kó dùn tó, bó ti wù kí ẹni tó sọ ọ́ dàgbà tó, ìgbàgbọ́ ni, títí a ó fi dán an wò. Èyí ta ko ohun tí àwọn òyìnbó onímọ̀ àṣà ti kọ fún ọ̀pọ̀ ọdún pé ohunkóhun tí àgbà bá sọ ni ọmọ Áfíríkà ń gbé mì láìbéèrè.

Ẹ jẹ́ kí a fi ìwọ̀n àwọn oníṣègùn yẹn wọn kíláàsì tiwa. Ohun tí akẹ́kọ̀ọ́ kọ́ nípa Pavlov láti inú háńdáàtì, ìgbàgbọ́ ni. Kò rí ajá, kò gbọ́ agogo. Ó lè di ìmọ̀ bí olùkọ́ bá jẹ́ kí wọ́n dán an wò. Kò gba owó púpọ̀. Ẹni mẹ́wàá lè ka ọ̀rọ̀ ogún tí kò nítumọ̀, kí wọ́n sì wo iye tí wọ́n ṣì rántí lẹ́yìn wákàtí kan àti lẹ́yìn ọjọ́ kan. Bí Hermann Ebbinghaus ṣe fi ara rẹ̀ ṣèwádìí ìrántí nìyẹn ní Jámánì, tó sì gbé èsì rẹ̀ jáde ní 1885. Kò ní ju ara rẹ̀ àti aago lọ.

Lórí ohun tí ènìyàn jẹ́ gan-an, Ṣẹ́gun Gbádégẹṣin to èrò Yorùbá lẹ́sẹẹsẹ nínú ìwé rẹ̀ tó jáde ní 1991: ara, ọkàn, ẹ̀mí àti orí. Orí inú ni ọ̀rọ̀ pọ̀ lé lórí. Wándé Abímbọ́lá ti kọ ọ́ sílẹ̀ ní 1976 bí Ifá ṣe sọ ti àwọn ọ̀rẹ́ mẹ́ta, Oríṣẹ̀ẹ́kú, Orílèémèrè àti Afùwàpẹ́, tí wọ́n lọ yan orí nílé Àjàlá alámọ̀. Orí tí a yàn ni a ó máa lò láyé. Kí wá ni ìlò iṣẹ́ àṣekára? Ifá kò fi ìbéèrè yẹn sílẹ̀, ó fi ẹsẹ̀ kún orí, torí pé orí rere tí kò bá rí ẹsẹ̀ gbé e kò lè dé ibi tó ń lọ. Ohun tó yẹ kí onísáíkọ́lọ́jì ṣe pẹ̀lú èyí ni ìwádìí. Ní 1966, Julian Rotter ní Amẹ́ríkà gbé àkójọ ìbéèrè kan jáde tó fi ń wò ó bóyá ẹnì kan gbà pé ọwọ́ òun ni ayé òun wà tàbí pé ọwọ́ àyànmọ́ ni. Ìdáhùn méjì ni wọ́n ń gbé síwájú èèyàn, kó yan ọ̀kan. Àgbẹ̀ Emùré tó jí ní aago márùn-ún láti lọ sóko, tó tún ń bẹ orí rẹ̀ kó tó gbé àdá, ẹ̀gbẹ́ wo ló máa bọ́ sí? Mo gbà pé ìbéèrè Rotter kò lè gbà á. Bí ọmọ yunifásítì kan ní Èkìtì bá ṣe ìbéèrè tó lè gbà á, tó fi dán ọgọ́rùn-ún èèyàn wò, ó ti ṣe ohun tí Hountondji ń béèrè.

A kò sì ní láti lọ jìnnà láti rí bí èrò yìí ṣe jinlẹ̀ tó lọ́dọ̀ wa. Láàárín 1910 sí 1914, Ọlọ́wẹ̀ ti Ìsẹ̀ gbẹ́ ilẹ̀kùn àti òpó fún ààfin Ògògà ní Ìkẹ́rẹ́. Ilẹ̀kùn náà wà ní British Museum ní Lọ́ńdọ̀nù lónìí, ọ̀kan nínú àwọn òpó náà sì wà ní Chicago. Ẹni tó bá wo òpó yẹn yóò rí ọba tó jókòó, olorì tó dúró lẹ́yìn rẹ̀, àti orí tó tóbi ju bó ṣe yẹ lọ bí a bá fi ara wọ̀n ọ́n. Ọlọ́wẹ̀ mọ bí orí ṣe tó lára ènìyàn. Ó gbẹ́ ẹ bẹ́ẹ̀ torí pé ibẹ̀ ni ènìyàn ti ń jẹ́ ènìyàn lójú àwọn tó gbẹ́ ẹ fún.

Mo mọ̀ pé àwọn olùkọ́ kan ń bẹ̀rù. Ní ìlú tí òkè Ọlọ́ṣuǹta ṣì ń gba ìbọ, tí ṣọ́ọ̀ṣì àti mọ́ṣáláṣí sì kún àdúgbò, ẹni tó bá sọ̀rọ̀ orí ní kíláàsì lè gbọ́ pé ó ń kọ́ ọmọ ọlọ́mọ ní ìbọ̀rìṣà. Ẹ̀rù náà kò nídìí. Kò sẹ́ni tó ka Aristotle tó wá ń rúbọ sí àwọn òrìṣà Gíríìsì. Èrò là ń kọ́, ìjọsìn wà ní àyè tirẹ̀.

Apá kan ṣì wà nínú ìtàn yìí tó korò, kò sì yẹ kí a fi pamọ́ fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́. Nígbà ìjọba òyìnbó, ọ̀kan nínú ibi tí wọ́n ń ti àwọn alárùn ọpọlọ mọ́ ni Yábàá tí wọ́n ṣí ní 1907, ìtọ́jú kò sì tó nǹkan níbẹ̀. Ní 1953, àjọ ìlera àgbáyé tẹ ìwé kan tí J. C. Carothers kọ lórí ọkàn ọmọ Áfíríkà. Carothers ti ṣiṣẹ́ ní Kẹ́ńyà, ó sì kọ ọ́ pé ọmọ Áfíríkà kì í lo apá iwájú ọpọlọ rẹ̀ dáadáa, ó fi wá wé òyìnbó tí wọ́n ti ṣe iṣẹ́ abẹ sí ọpọlọ rẹ̀. Ìwé sáyẹ́ǹsì ni wọ́n pè é, àjọ ńlá ló sì tẹ̀ ẹ́. Ẹni tí kò bá mọ̀ pé irú ìwé yìí ti wà kò lè mọ̀ pé ó yẹ kó máa bi ìwé léèrè ìdí.

Ọmọ Abẹ́òkúta kan dáhùn. Thomas Adéoyè Lámbò ka ìṣègùn ní Birmingham, ó kọ́ nípa àrùn ọpọlọ ní Lọ́ńdọ̀nù, ó padà sílé. Ní 1954 ó bẹ̀rẹ̀ ètò kan ní ilé ìwòsàn Árò tí ayé ń sọ títí di òní. Dípò kí ó ti àwọn aláìsàn mọ́, ó fi wọ́n sílé àwọn ará abúlé tó yí ilé ìwòsàn ká, pẹ̀lú ẹbí kan tó bá wọn wá. Wọ́n á gba ìtọ́jú lójúmọmọ, wọ́n á sì padà sí abúlé lálẹ́. Ó tún pe àwọn oníṣègùn ìbílẹ̀ láti bá a ṣiṣẹ́, lábẹ́ ojú dókítà. Ohun tó wà nídìí ètò yìí ni èrò kan nípa ènìyàn: pé orí ẹnì kan kì í dá yá, àárín àwọn èèyàn rẹ̀ ló ti ń yá. Lámbò ṣe ọ̀gá yunifásítì Ìbàdàn, lẹ́yìn náà ó di igbákejì olórí àjọ ìlera àgbáyé, àjọ kan náà tó tẹ ìwé Carothers.

Ní 1961, Lámbò àti Alexander Leighton láti yunifásítì Cornell wọ àwọn abúlé ẹ̀gbẹ́ Abẹ́òkúta láti wò ó bí àìsàn ọkàn ṣe pọ̀ tó, wọ́n sì fi èsì rẹ̀ wé ìwádìí tí Leighton ti ṣe ní Kánádà. Ìwé wọn jáde ní 1963. Kò sí bí ènìyàn ṣe lè kà á kó ṣì gba Carothers gbọ́, torí ìyọnu tí wọ́n rí ní abúlé Yorùbá kò yàtọ̀ pátápátá sí èyí tó wà ní Kánádà.

N kò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni fi ti Lámbò bo ohun tó burú mọ́lẹ̀. Ní 2019, Human Rights Watch jẹ́rìí pé wọ́n ṣì ń fi ṣẹkẹ́ṣẹkẹ̀ de àwọn èèyàn ní ọ̀pọ̀ ibi ní Nàìjíríà, ní ilé oníṣègùn, ní ilé àdúrà, àti ní ilé ìjọba náà. Oṣù kìíní 2023 ni òfin ìlera ọpọlọ tuntun ṣẹ̀ṣẹ̀ rọ́pò òfin tó ti wà láti ìgbà òyìnbó. Ìbílẹ̀ kì í sọ ohun kan di mímọ́.

Ohun mìíràn kan àwọn akẹ́kọ̀ọ́ fúnra wọn. Ní 1960, Raymond Prince, dókítà ará Kánádà tó ṣiṣẹ́ ní Nàìjíríà, kọ̀wé lórí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tó ń ráhùn pé orí ń gbóná, ojú ń ṣókùnkùn, ohun tí àwọn kà kò wọlé mọ́. Ó pe àìsàn náà ní brain fag. Láti ìgbà náà ni ìwé ti ń kà á sí àìsàn tó jẹ́ ti ọmọ Áfíríkà nìkan, àwọn oníṣègùn Amẹ́ríkà sì fi í sínú ìwé àkójọ àìsàn wọn ní 1994. Àwọn tó wá yẹ ìtàn rẹ̀ wò lẹ́yìn náà rí i pé orúkọ yẹn gan-an ni wọ́n ń lò ní Bìrìtìkó ní nǹkan bí ọdún 1800 sí 1900 fún àwọn òyìnbó tí iṣẹ́ ọpọlọ ti rẹ̀. Orúkọ náà kọjá òkun, ó di tiwa. Bí a kò bá kọ́ ìtàn, akẹ́kọ̀ọ́ tí orí ń gbóná nígbà ìdánwò lè gbà pé ẹ̀yà rẹ̀ ló ń ṣe é.

Ọ̀rọ̀ àwọn ọmọdé ló kù, òun ló sì kan olùkọ́ jù. Jean Piaget wo àwọn ọmọ tirẹ̀ mẹ́ta fínnífínní ní Switzerland, ó sì kọ́ ọ̀pọ̀ èrò rẹ̀ lé wọn lórí. Ṣé bẹ́ẹ̀ ni ọmọ Ìkẹ́rẹ́ náà ṣe ń dàgbà? Ní 1961, Price-Williams dán àwọn ọmọ Tiv wò, ó rí i pé wọn kò rẹ̀yìn sí ti Yúróòpù lórí ọ̀rọ̀ ìwọ̀n. Ní 1966, Patricia Greenfield gbé omi lọ bá àwọn ọmọ Wolof ní Sẹ̀nẹ̀gà. Àwọn tí kò lọ ilé ìwé ní omi náà ti yàtọ̀ nígbà tí ó dà á sínú ife tóóró, torí Greenfield ló dà á. Nígbà tó jẹ́ kí àwọn ọmọ náà fọwọ́ ara wọn dà á, ọ̀pọ̀ wọn ní kò yàtọ̀. Kì í ṣe orí ọmọ ló kù díẹ̀ káàtó, bí wọ́n ṣe bi í léèrè ni. Olùkọ́ tó bá mọ èyí á máa ṣọ́ra kó tó pe ọmọ ní olódo.

Ní Ifẹ̀, láti 1970, Babs Fáfúnwá àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ fi Yorùbá kọ́ àwọn ọmọ fún ọdún mẹ́fà gbáko ní ilé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀, wọ́n sì kọ́ wọn ní Gẹ̀ẹ́sì gẹ́gẹ́ bí ẹ̀kọ́ tó dá dúró. Àwọn ọmọ náà ṣe dáadáa ju àwọn tí wọ́n fi Gẹ̀ẹ́sì kọ́ lọ, nínú Gẹ̀ẹ́sì pàápàá. Ìwádìí sáíkọ́lọ́jì tó tóbi ni èyí, ilẹ̀ Yorùbá ni wọ́n sì ti ṣe é. Ibi tó yẹ kó wà ni ẹ̀gbẹ́ Piaget nínú ìwé ìdánwò NCE.

Àyè wà báyìí láti ṣe gbogbo èyí. Ìlànà tuntun tí àjọ NUC gbé kalẹ̀ fún àwọn yunifásítì fi ìdá àádọ́rin nínú ọgọ́rùn-ún ẹ̀kọ́ lélẹ̀ fún gbogbo ilé ẹ̀kọ́, ó sì fi ìdá ọgbọ̀n sílẹ̀ kí yunifásítì kọ̀ọ̀kan fi ohun tó bá àyíká rẹ̀ mu sí i. Kò sí ìdí tí Ìkẹ́rẹ́ kò fi ní lo nínú ìdá ọgbọ̀n tirẹ̀ fún Amo, fún Lámbò, fún Gbádégẹṣin àti Olúwọlé, fún ìwádìí Ifẹ̀. Àwọn ẹ̀ka sáíkọ́lọ́jì ní Adó àti Ọyẹ́ náà lè ṣe é. Kí a má yọ Wundt, Kant tàbí Descartes kúrò, torí àwọn ni Amo ń bá jiyàn, ẹni tí kò mọ̀ wọ́n kò lè gbọ́ ohun tí Amo ń sọ.

Mo bẹ ẹ̀yin olùkọ́ sáíkọ́lọ́jì ní gúúsù Èkìtì: ẹ rán àwọn akẹ́kọ̀ọ́ yín lọ bá àwọn àgbà oníṣègùn àti babaláwo ní Ìkẹ́rẹ́, ní Ìsẹ̀ àti ní Emùré, kí wọ́n gba ohùn wọn sílẹ̀ ní ẹ̀ka èdè Èkìtì tí wọ́n ń sọ, pẹ̀lú àṣẹ wọn. Kí wọ́n bi wọ́n léèrè bí ọkàn ṣe ń ṣàìsàn, bí ọmọ ṣe ń gbọ́n, bí ènìyàn ṣe ń mọ̀ pé òun mọ nǹkan. Kí wọ́n gbé e padà sí kíláàsì, kí wọ́n sì jiyàn lé e lórí. Àwọn àgbà náà kò pọ̀ mọ́, ẹ má jẹ́ kí ọdún yìí kọjá kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀.